Kí lẹ kọ́kọ́ bà jẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dátà?

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oṣù kẹta mi rèé nídìí iṣẹ́ dátà, mo sì ti dáràn. Lánàá, mo fẹ́ tún orúkọ oníbàárà kan ṣoṣo kọ, mo kọ UPDATE, àṣẹ tó ń yí dátà padà, mo gbàgbé WHERE tó ń sọ ìlà tó máa yí. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo oníbàárà wa ti ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀gá mi ò tiẹ̀ pariwo. Ó ní kí n máa lọ sílé, pé backup, ẹ̀dà dátà tí wọ́n tọ́jú pamọ́, wà, àwọn á dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Àìpariwo yẹn gan-an ló ń já mi láyà. Kí lẹ̀yin kọ́kọ́ bà jẹ́? Báwo lẹ sì ṣe wọ iṣẹ́ yìí? Èmi ò kàwé kọ̀ǹpútà o, ojú ń tì mí láti béèrè níbi iṣẹ́.

OníWHERE
Káàbọ̀ sílé.

ÌyáDátà
Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Orúkọ wo ni gbogbo wọn ń jẹ́ báyìí?

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé
Mi ò lè sọ ọ́, mà. Olórúkọ lè wà níbí.

BàbáCron
Tèmi burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fèrèsé dúdú méjì ni mo ṣí sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fún ìdánwò, èkejì fún dátà gidi. Oorun ń kùn mí, fóònù sì ń dún, ìyẹn ìtàn ọjọ́ mìíràn. DROP TABLE, àṣẹ tó ń pa odidi tábìlì rẹ́, tó yẹ kó lọ sí ti ìdánwò, ti gidi ni mo tẹ̀ ẹ́ sí. Mo ní kò séwu, backup wà. A ṣí backup, òfo ló wà níbẹ̀. Alaalẹ́ ni iṣẹ́ backup náà ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti parí láìsí wàhálà, bẹ́ẹ̀ 0 KB ni fáìlì tó ń tọ́jú, torí ẹnì kan ti pààrọ̀ password láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ̀dà tí ọmọkùnrin kan ní ẹ̀ka wa gbé sórí laptop rẹ̀ láìgbàṣẹ ló yọ wá. Láti ọjọ́ náà, pupa fòò ni fèrèsé dátà gidi mi. BEGIN ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀, màá wo iye ìlà tó yí padà kí n tó tẹ COMMIT tó ń fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Tó bá ju èyí tí mo retí lọ, ROLLBACK, kó padà sí bó ṣe wà.

Aláìgbàgbọ́
Oṣù márùn-ún, ẹnikẹ́ni ò yọjú wò ó? Ẹ̀gbọ́n, àbùmọ́ wà níbẹ̀.

BàbáCron
Ẹ lọ ka ohun tí àwọn GitLab, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn tọ́jú kóòdù, fúnra wọn kọ síta. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ wọn rò pé sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà) kejì lòun wà, ó pa nǹkan bíi 300GB rẹ́ lórí sáfà tó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà 5 ni wọ́n ní láti fi dá dátà padà, kò sí èyí tó ṣe é gbára lé. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí 6 ṣáájú ló gbà wọ́n. Ṣé àbùmọ́ nìyẹn náà?

Aláìgbàgbọ́
Ó dáa, mo gbà. Ọmọkùnrin tó gbé dátà àwọn oníbàárà sórí laptop rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò lé e?

BàbáCron
Wọ́n fún un níwèé ìbáwí láàárọ̀, wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án.

Ẹlẹ́nuExcel
Àṣẹ̀ṣẹ̀dé, ìṣirò owó lèmi kà. Iṣẹ́ ń tóbi sí i, Excel ń kú mọ́ mi lọ́wọ́, ni mo bá lọ kọ́ SQL, èdè tí a fi ń bá dátà sọ̀rọ̀. Àwọn àṣẹ rẹ̀, SELECT, JOIN, GROUP BY, oṣù mẹ́ta ni mo fi jẹ wọ́n lẹ́nu kí n tó fọwọ́ kan Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn. Àwọn tó ń kó Spark àti Kafka, irinṣẹ́ fún dátà ńlá, bo ọmọ tuntun mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kìíní kàn ń dẹ́rù bà á ni.

Aláìgbàgbọ́
SQL tó ti wà láti ọdún 1974! Ìgbà wo la fẹ́ kúrò níbẹ̀?

ÌyáDátà
Ìgbà tẹ́ ẹ bá rí èyí tó sàn jù ú lọ. A ṣì ń retí.

Lẹ́ẹ̀mejì
Pipeline mi, iṣẹ́ tó ń gbé dátà wọlé fúnra rẹ̀, ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóru ọjọ́ kan, owó tó wọlé di ìlọ́po méjì. Wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó ń tajà nípàdé kí n tó rí i. Èmi ni mo wá gba àtẹ́wọ́ náà padà. Ní báyìí, màá kọ́kọ́ pa ti ọjọ́ náà rẹ́ kí n tó kọ ọ́ tuntun. Kó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, iye kan náà ni.

OníWHERE
"Èmi ni mo wá gba àtẹ́wọ́ náà padà." Háà!

ÌyáDátà
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yin Excel, ẹ rántí pé fáìlì Excel àtijọ́, .xls, ò gbà ju ìlà 65,536 lọ. Lọ́dún 2020, nǹkan bí 16,000 ẹni tó ní kòrónà ni kò wọ inú iye tí wọ́n ń kà nílẹ̀ England, torí irú fáìlì yẹn ni wọ́n ń lò, ó sì kún. Lọ́dún yẹn kan náà làwọn tó ń sọ jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) lórúkọ pààrọ̀ MARCH1 sí MARCHF1, kí Excel má baà sọ ọ́ di ọjọ́ inú oṣù mọ́.

Ẹlẹ́nuExcel
Mà, tuntun ń gba 1,048,576. Ẹni tó fi .xls pamọ́ lẹ́yìn ọdún 2007 ló lẹ̀bi, kì í ṣe Excel.

Alámìohùn
Ẹ fi Excel sílẹ̀. Mo fi orúkọ so tábìlì méjì pọ̀, àwọn tó ní ọ́ àti ẹ́ lórúkọ pòórá. Lójú, ọgbọọgba ni wọ́n. Lábẹ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ̀ wọ́n yàtọ̀: níbì kan, ọ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ kí wọ́n tó fi àmì òkè lé e, níbòmíràn, ó ni wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá a. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, tó ń mú kí ọ̀nà ìkọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan di ọ̀kan náà, kẹ́ ẹ tó fi wọ́n wéra.

Aláìgbàgbọ́
Ta ló ní kẹ́ ẹ fi orúkọ so tábìlì pọ̀? Kí ni ID, nọ́ńbà ìdánimọ̀, wà fún?

Alámìohùn
Ẹni tó fi tábìlì náà ránṣẹ́ ò fi ID sí i. Ṣé kí n bímọ ID ni?

Lẹ́ẹ̀mejì
Ṣé kí n bímọ ID ni, wọ́n ní!

BàbáCron
Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó máa ń ní "a fẹ́ rí dátà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan". Oṣù méjì ni mo fi kọ́ ọ fún wọn. Mo wo àkọsílẹ̀: àárọ̀ ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n ń ṣí dashboard náà, ojú ìwé tó ń fi iye hàn. Iṣẹ́ cron kan, tó ń dá ṣiṣẹ́ lásìkò tá a dá fún un, lóru ì bá tó wọn.

ÌyáDátà
Fún tiyín, bẹ́ẹ̀ ni. Níbi tí èmi ti ń ṣọ́ àwọn tó ń fi káàdì olówó jalè, tá a bá dúró dòru, wọ́n á ti ná an tán. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ṣe tí iye náà bá yí padà láago mẹ́ta ọ̀sán.

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé
Ẹ ṣé gan-an. Ìtàn bàbá ò jẹ́ n sùn, mo lọ wo backup tiwa. Kì í ṣe 0 KB o. Àmọ́ ọdún tó kọjá ni ọjọ́ tó wà lára rẹ̀.

OníWHERE
Yéè.

BàbáCron
Má fọwọ́ kan nǹkan kan. Pe ọ̀gá rẹ báyìí, má dúró dọjọ́ Ajé. Ta ló tún máa ń gba dátà oníbàárà níbẹ̀? Ẹ̀ka owó? Ẹ̀ka ìpolówó?

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé
Mo ti pè é. Ó ti wá pariwo. Akọ̀wé owó kan ní òun ń gbé gbogbo wọn sí Excel lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pé ti ọjọ́bọ̀ wà lọ́wọ́ òun. Ó ti fi ránṣẹ́.

Ẹlẹ́nuExcel
Ẹ̀yin ọ̀tá Excel, ẹ ti dákẹ́?

ÌyáDátà
Kí ló wà lẹ́yìn orúkọ fáìlì náà?

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé
.xls, mà.

ÌyáDátà
Oníbàárà yín tó mélòó?

Àṣẹ̀ṣẹ̀dé
70,000 àti díẹ̀.