Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: HHKB lásán ni kí n rà, àbí Type-S tí kì í pariwo?

Akọ̀wé_Òru

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Owó ti pé lọ́wọ́ mi fún HHKB Professional HYBRID, kíbọ́ọ̀dù kékeré tí PFU ń ṣe ní Jápáànì. Ètò bọ́tìnnì rẹ̀ kò dà mí láàmú. Mo ti pinnu pé ti Amẹ́ríkà tó ní bọ́tìnnì 60 ni mo fẹ́. Ibi tí mo há sí ni pé oríṣi méjì ló wà: ọ̀kan lásán, ọ̀kan Type-S tí wọ́n dín ariwo rẹ̀ kù. Type-S yìí ló sì wọ́n jù.

Kóòdù ni mo ń kọ. Lọ́sàn-án, èmi àti àwọn mìíràn la jọ ń lo yàrá kan níbi iṣẹ́. Lóru, yàrá tí ọmọ ọwọ́ wa ń sùn sí ni tábìlì mi wà. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn ìró kíbọ́ọ̀dù yìí gan-an, òun ló kọ́kọ́ fà mí mọ́ra nígbà tí mo ń wo fídíò àwọn tó ń lò ó. Kò sí ibi tí mo ti lè fọwọ́ kan méjèèjì kí n tó sanwó. Ẹ̀yin tí ẹ ti lò ó, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú?

ÌkaMẹ́wàá

Ẹ káàbọ̀ o. Méjèèjì wà lórí tábìlì mi, nítorí náà ohun tí etí mi gbọ́ tí ọwọ́ mi sì mọ̀ ni màá sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ariwo ti ń jáde, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fìdí sí. Abẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni rọ́bà kan wà tó rí bíi fìlà kékeré, sípíríǹgì tó rí ṣóńṣó sì wà lábẹ́ rọ́bà náà. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, rọ́bà á wó, sípíríǹgì á fún pọ̀, pátákó iná tó wà nísàlẹ̀ á sì mọ̀ pé nǹkan ti yí padà lókè òun. Irin kò kan irin kankan níbẹ̀. Topre ni wọ́n ń pe irú bọ́tìnnì yìí. Ohun tó ń dún, ike àti rọ́bà ni.

Ìró méjì ló ń jáde nínú títẹ̀ ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ ni ti ìgbà tí bọ́tìnnì bá balẹ̀: gbò. Ohùn ìsàlẹ̀ ni, kò le. Ìkejì ni ti ìgbà tí ẹ bá gbé ìka kúrò, tí bọ́tìnnì ta padà sókè, tí ike inú rẹ̀ sì lọ gbá òkè ibi tó ń gbé: ta! Ti òkè yìí ló máa ń gún etí. Òun gan-an ni ẹni tó wà ní ìkángun yàrá kejì ń gbọ́.

Ohun tí wọ́n ṣe sí Type-S kò ju pé wọ́n fi òrùka rírọ̀ tín-ín-rín kan sára ike tó ń lọ sókè sódò nínú bọ́tìnnì. Òrùka yẹn ló ń gba ike náà nígbà tó bá ń padà sókè. Nítorí náà "ta" yẹn ló lọ, "gbò" ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbá bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ gbì-gbì, Type-S kò lè ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá fúyẹ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ nǹkan kan.

Fún ti yín, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ọwọ́ ti wà nínú yàrá kan náà, Type-S ni.

Gbòǹgbò_Kóòdù

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, àmọ́ mi ò rò pé ọ̀rọ̀ náà tíì tán. Ẹ tún ìbéèrè yẹn kà. Wọ́n ní ìró rẹ̀ ló fa àwọn mọ́ra.

HHKB lásán ni mò ń lò, n kò sì ní fi ṣe pàṣípààrọ̀. Gbò-ta, gbò-ta, gbò-ta: bí mo bá jókòó ti kóòdù gígùn, ìró yẹn ló ń mú ọwọ́ mi rìn déédéé. Mo máa ń fi etí mọ̀ pé bọ́tìnnì wọlé láìwo ojú kọ̀ǹpútà. Mo ti tẹ Type-S ọ̀rẹ́ mi kan dáadáa, kì í ṣe pé mo kàn fọwọ́ bà á. Ó dára, àmọ́ ìpadàbọ̀ bọ́tìnnì kò mú bí ti èyí tí mò ń lò. Lórí tèmi, bọ́tìnnì máa ń ta padà ṣáṣá, ìka á mọ ibi tó parí sí. Lórí Type-S, òkè rẹ̀ rọ̀. Agbára tí ẹ ó fi tẹ̀ wọ́n kò yàtọ̀ o, gíráàmù 45 ni méjèèjì, àmọ́ ìka ò ní sọ pé nǹkan kan náà ni.

Irú nǹkan olówó gọbọi báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ̀pọ̀ wa ń rà á. Tó bá jẹ́ ìró yẹn ni ọkàn yín fẹ́, tí ẹ wá ra èyí tí wọ́n ti yọ ìdajì ìró náà kúrò lára rẹ̀, ojú yín á máa wà lára èkejì ṣáá. Lóru, ẹ lo kíbọ́ọ̀dù ara láàpútọ́ọ̀pù yín, kí ọmọ sùn.

Ìyá_Data

Gbòǹgbò_Kóòdù, ẹ má bínú, ìmọ̀ràn láàpútọ́ọ̀pù yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Tí ọwọ́ bá ti mọ́ HHKB, tó ti mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ A ni Control wà, tó ti mọ̀ pé òkè Enter ni bọ́tìnnì ìparẹ́ wà nítòsí ìka kékeré, kíbọ́ọ̀dù mìíràn á di ìdààmú. Caps Lock, tó wà níbẹ̀ dípò Control lórí kíbọ́ọ̀dù mìíràn, ni ìka òsì á máa bá pàdé ní gbogbo ìgbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Eiiti Wada ti Yunifásítì Tokyo tó ṣe ètò bọ́tìnnì yìí, ohun tó ń wá ni kíbọ́ọ̀dù kan tí èèyàn á máa gbé kiri, tá á máa lò pẹ̀lú kọ̀ǹpútà yòówù tó bá bá níbi tó dé. Láti 1996 tí àkọ́kọ́ ti jáde, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì kéré tó sì fúyẹ́: ìlàjì kílò àti díẹ̀. Ẹni tó bá rà á tí kò lè lò ó lóru kò tíì rí àǹfààní rẹ̀ gbà tán.

Èmi ò sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ nìkan. Mo ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń lo èyí lásán rí. Èèyàn rere ni, mo sì gbà pé ìró náà dùn. Ó dùn fún bíi wákàtí kan àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìgbà tó bá dánu dúró láti ronú, tó tún wá bẹ̀rẹ̀ lójijì, ọkàn mi á kúrò nínú ohun tí mò ń ṣe. Ohun tó ń dààmú ẹni kejì nìyẹn: kì í dún lọ bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rọ amúlétutù, ìdákúrekú ni. Àwọn tí ẹ jọ wà nínú yàrá kò ní sọ fún yín o, wọn á kàn ki nǹkan bọ etí.

Ìpàdé orí Zoom tún ńkọ́? Máìkì láàpútọ́ọ̀pù sún mọ́ ọwọ́ ju ẹnu lọ. "Ta" tó ń gún etí yẹn ni máìkì máa ń kó jù.

Type-S ni tèmi, mo sì fẹ́ràn bí bọ́tìnnì rẹ̀ ṣe rí. Nítorí òrùka inú rẹ̀, ìrìn bọ́tìnnì fi díẹ̀ kúrú ju mílímítà 4 ti èyí lásán. Ọwọ́ á ti lọ sí lẹ́tà tó kàn kí ẹ tó mọ̀.

Ọmọ_Terminal

Ẹ̀yin àgbà, ìbéèrè kékeré kan. Wọ́n máa ń ta òrùka yẹn lọ́tọ̀, àwọn tí kì í ṣe PFU ló ń ṣe é. Ṣé wọn ò lè ra HHKB lásán kí wọ́n gbádùn ìró rẹ̀, bí ọmọ bá wá ń jí, kí wọ́n fi òrùka sí i? Ó jọ pé ìyẹn á fún wọn ní méjèèjì.

Ọlọ́wọ́_Ẹ̀rọ

Àbúrò, ó ṣeé ṣe, mo sì máa ń bá àwọn èèyàn ṣe é. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí kí ẹnikẹ́ni tó dáwọ́ lé e.

O máa yọ gbogbo ike orí bọ́tìnnì. O máa ṣí ilé rẹ̀, kí o fẹ̀sọ̀ tú wáyà tó so pátákó méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà lo máa tú àwọn ìdè kéékèèké tó mú pátákó iná mọ́ ara ilé, wọ́n pọ̀. Nígbà tí o bá gbé pátákó náà kúrò, rọ́bà àti sípíríǹgì ló máa wà níwájú rẹ, ibẹ̀ ni ewu wà. Sípíríǹgì wọ̀nyẹn ò so mọ́ nǹkan kan. Wọ́n kàn jókòó síbẹ̀ ni, èémí lásán lè gbé wọn kúrò, èyí tó bá sì tẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Yọ ike inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, fi òrùka sí i, dá a padà, kí o sì rí i pé sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan jókòó sí àárín kí o tó de ohun gbogbo padà. Bí o bá de ìdè kan jù, ike ilé á sán. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀tọ́ àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ fún ọ ti bọ́.

Òrùka tó nípọn jù á tún gba díẹ̀ nínú ìrìn bọ́tìnnì, á sì wúwo lọ́wọ́. Èyí tó tín-ín-rín jù kò ní dín ariwo kù tó. Ẹni tó bá ní sùúrù, tó sì fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kó ṣe é. Ẹni tó fẹ́ kọ kóòdù lálẹ́ òní, kó ra Type-S.

OlùtúÀkọsílẹ̀

Nǹkan kan tí kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu bà: ohun tí kíbọ́ọ̀dù jókòó lé lórí. HHKB fúyẹ́, ike sì ni ilé rẹ̀, nítorí náà tábìlì máa ń bá a dún. Bí ẹ bá gbé e sórí pákó tó ṣófo nínú, "gbò" tí ÌkaMẹ́wàá sọ yẹn á di ìlù. Ẹ tẹ́ aṣọ tó nípọn tàbí awọ sábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ìyàtọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ní Type-S ju ẹni tó ní èkejì lọ, torí ìró ìsàlẹ̀ nìkan ló kù fún un láti dín kù. Bọ́tìnnì àlàfo náà ńkọ́? Ó gùn, wáyà ló ń gbé e dọ́gba lábẹ́, òun ló sì ń pariwo jù lórí kíbọ́ọ̀dù yòówù. Gíríìsì díẹ̀ sí ibi tí wáyà yẹn ti kan ike máa ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún HHKB mìíràn tí wọ́n ń pè ní Classic náà bí ẹ bá ń wá èyí tó dínwó. Bọ́tìnnì Topre kan náà ló ní, àmọ́ kò ní Bluetooth, ẹ kò sì lè yí iṣẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀ padà bí ẹ ṣe lè yí ti HYBRID. HHKB Studio tó jáde ní 2023, nǹkan mìíràn gbáà nìyẹn, kì í ṣe Topre, ẹ má fi ìró rẹ̀ ṣe ìdíwọ̀n.

Gbòǹgbò_Kóòdù

Ìyá_Data, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, òtítọ́ sì ni. Èmi nìkan ló wà nínú yàrá mi, ìdí nìyẹn tí ìdáhùn mi fi yàtọ̀. Ẹni tó bá ń dá ṣiṣẹ́, tó fẹ́ràn ìró, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà á, kó ra èyí lásán. Kò sí ohun tí Type-S fi ju tiwa lọ nínú iṣẹ́: Bluetooth kan náà, ohun èlò mẹ́rin kan náà tó lè so mọ́, ike orí bọ́tìnnì kan náà, PBT, irú ike tó le. Ariwo àti bó ṣe ń ṣe lábẹ́ ìka nìkan la ń sọ.

Akọ̀wé_Òru

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará. Ẹ ti là mí lọ́yẹ̀. Ọ̀rọ̀ "gbò" àti "ta" yẹn ló yanjú rẹ̀ fún mi, torí mo tún fídíò wọ̀nyẹn wò, mo sì rí i pé ohùn ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ràn gan-an, kì í ṣe ti òkè. Type-S ni màá rà, màá sì tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé bátìrì rẹ̀ ń gba iná láti ara wáyà USB? Mo tún gbọ́ pé bọ́tìnnì Delete rẹ̀ máa ń pa ohun tó wà níwájú rẹ́, dípò èyí tó wà lẹ́yìn. Ṣé òótọ́ ni?

Ọlọ́wọ́_Ẹ̀rọ

Ẹ kú oríire. Rárá, kì í gba iná. Bátìrì AA méjì ló ń lò, ẹ ó máa pààrọ̀ wọn bí wọ́n bá tán. Àmọ́ bí ẹ bá fi wáyà USB-C so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, iná kọ̀ǹpútà ni yóò máa lò, kò ní jẹ bátìrì. Bí ẹ bá fi Bluetooth lò ó tí ẹ kò fọwọ́ kàn án fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á pa ara rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì agbára lẹ́yìn rẹ̀, á jí.

Ti Delete, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, swíìṣì kéékèèké mẹ́fà wà níbẹ̀. Ẹ gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta sókè, Delete á di Backspace. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ni ẹ ó gbé sókè bí ẹ kò bá fẹ́ kó máa pa ara rẹ̀, àmọ́ bátìrì á tètè tán. Ẹ pa kíbọ́ọ̀dù náà kí ẹ tó yí èyíkéyìí nínú wọn, kí ẹ sì tún tàn án padà.