Eré ìdárayá àti aṣọ kíláàsì: báwo lẹ ṣe ń pa á pọ̀?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi. Ìlú ńlá ni mo ti ń kàwé, bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀ lọ sí kíláàsì aago mẹ́jọ. Mo fẹ́ràn kí ṣẹ́ẹ̀tì mi gún régé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wọlé, mi ò ṣe eré ìdárayá kankan mọ́. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, ṣe ni mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kí ni kí n ṣe tí òógùn ò fi ní ba aṣọ mi jẹ́?

Èsì 1:
Àbúrò, ibùdókọ̀ méjì ṣáájú tèmi ni mo máa ń sọ̀kalẹ̀, kí n fẹsẹ̀ rin ìyókù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe eré ìdárayá tó ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ìrìn kíákíá wà lára rẹ̀. Kánfáàsì ni mo fi ń rìn, bàtà aláwọ wà nínú báàgì.

Èsì 2:
Wọ síńgílẹ́ẹ̀tì olówùú sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, òun ni yóò fa òógùn. Yẹra fún àwọ̀ eérú, kò bo òógùn rárá.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Àwọ̀ eérú ni mẹ́ta nínú ṣẹ́ẹ̀tì mi! Ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà.