Ẹ má pe àwo tó tà jù lọ ní "àtàjù"

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa gbé kalẹ̀, pé ká máa pe àwọn síńgù (àwo kékeré tí olórin fi ń gbé orin jáde, tí kì í ṣe àwo ńlá olórin púpọ̀) tó tà jù lọ láyé ní "àdákọ àtàjù", mo ti kà á, mo tún un kà, inú mi ò dùn sí i rárá. Mi ò bá wọn jà, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n tá a bá gba irú ọ̀rọ̀ yìí wọlé, ọjọ́ tó bá ti dénú ìwé àwọn ọmọléèwé, kò ní ṣeé yọ mọ́.

-Jù yẹn ló ń dùn mí jù. Ẹ ka àwọn ọmọ tí à- àti -jù ti bí: àṣejù, àjẹjù, àmujù, àsùnjù, àròjù, àpọ̀jù. Èwo ló dáa nínú wọn? Àṣejù tí í ṣe baba àṣetẹ́ ni olórí wọn, ibẹ̀ la sì fẹ́ kó "àtàjù" lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ á rò pé ẹnì kan ló ta ọjà kọjá bó ṣe yẹ, á máa bèèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi tà á tó bẹ́ẹ̀, ta ló ṣẹ̀, kí ló bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ti dáhùn ṣáájú pé ṣebí a máa ń sọ pé "òun ló ga jù" láìfi lọ sí i, tó sì yé gbogbo wa pé kò sẹ́ni tó ga tó o. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àkíyèsí alátẹnumọ́ lèyí, "ni" tó wà nínú ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, òun ni, kì í ṣe ẹlòmíì. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ wá sọ pé "ó ga jù" lásán, ó ti di àléébù nìyẹn, ó ga jù fún ilẹ̀kùn, ó ga jù fún bẹ́ẹ̀dì. Nínú "àtàjù", kò sí ni, kò sí àwọn tí a ń yan ẹnì kan láàárín wọn, à- ti sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ, kò wá sóhun tó kù fún jù láti sọ ju pé nǹkan ti pọ̀ kọjá ààlà. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní "ajùlọ" nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún ipò ẹni tó borí. Lọ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn àgbà tí mo gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn, wọn ò mọ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí àárín, ṣùgbọ́n etí wọn ò ní gba "àtàjù" wọlé láéláé.

Ká bọ́ sórí àdákọ. Orin tí èèyàn kan dá kọ ni àdákọ. Ó dáa, "We Are the World" tó jáde ní 1985 ńkọ́? Michael Jackson àti Lionel Richie ló jọ ṣe orin náà, olórin tó lé ní 40 ló sì pé sí sítúdíò kan ní Los Angeles ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kíní ọdún yẹn, tí wọ́n ń gba ẹsẹ orin lọ́wọ́ ara wọn, tí gbogbo wọn tún jọ ń gbe ègbè. Síńgù ni, ó sì tà ju mílíọ̀nù 20 lọ. Àdákọ wo ló wà níbẹ̀?

Arábìnrin tó ní ká sọ pé "orin ẹyọ kan" sún mọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n tiwọn náà ò dé ibẹ̀, torí ojú méjì ni àwo síńgù ní, orin kan níwájú, òmíì lẹ́yìn. Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù lọ ni "Rock Around the Clock" ti Bill Haley. Nígbà tó jáde ní 1954, ẹ̀yìn àwo ni wọ́n fi í sí, "Thirteen Women" ló wà níwájú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rìn. Ìgbà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fíìmù Blackboard Jungle ní 1955 ni àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ ọ, ó bá gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó wá di ọ̀kan lára àwọn síńgù tó tà jù lọ láyé. Tó bá jẹ́ orin ẹyọ kan péré ló ń wà nínú síńgù, ibo lorin yẹn ì bá gbà jáde?

Kẹ́ ẹ sì má dà orin pọ̀ mọ́ àwo o, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà tó pọ̀ jù wà. "White Christmas", Irving Berlin ló ni orin, àìmọye èèyàn ló ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwo Bing Crosby ti 1942 ni ìwé Guinness, tó ń kọ ohun tó ta yọ jù lọ láyé sílẹ̀, fi ṣe olórí gbogbo síńgù, mílíọ̀nù 50 ni wọ́n dá a lé. Wọ́n tẹ àwo yẹn títí ìyá àwo tí wọ́n fi ń tẹ àwọn tó kù fi gbó, ni Crosby bá padà sí sítúdíò ní 1947 láti tún un kọ, wọ́n gbìyànjú kó jọ ti àkọ́kọ́ dáadáa, èyí àtúnkọ yẹn ló pọ̀ jù nínú ohun tí ayé ń gbọ́ títí dòní. Ẹni tó bá sọ pé "orin" ló tà, orin Berlin ló ń sọ, ẹni tó bá ní "àwo", ti Crosby ni, ọ̀tọ̀ lèyí, ọ̀tọ̀ lèyí.

Àwọn tó ní Elton John ni olórí náà kò purọ́. "Candle in the Wind 1997", èyí tó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe fún ìsìnkú Diana, ìyàwó ọmọ ọba Britain tẹ́lẹ̀, tà tó mílíọ̀nù 33, ní Britain nìkan ó lé ní 650,000 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orin méjì ló sì wà nínú àwo yẹn náà (ẹ̀yin ọlọ́rin ẹyọ kan, ẹ gbọ́ o). Ìwé Guinness gbà pé òun ló ṣíwájú láti ìgbà tí wọ́n ti ń to àwọn síńgù lẹ́sẹẹsẹ ní àwọn ọdún 1950. Ti Crosby ti jáde kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, Britain ò ní irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ títí di 1952, RIAA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwo ní Amẹ́ríkà, ò sì fún síńgù kankan ní àmì wúrà, ẹ̀rí pé ó tà gan-an, títí di 1958. Ìdí tí wọ́n fi ń dá iye ti Crosby lé nìyẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ká fi "àwo atayọ" rọ́pò ẹ̀, mo gbọ́ tiyín, ṣùgbọ́n ta olóhùn àárín ló wà nínú tayọ, tà olóhùn ìsàlẹ̀ ni ti ọjà. Àwo lè tà kó má tayọ, ó sì lè tayọ kó má tà.

Ẹni tó tún sọ pé àsìkò "tà" ti kọjá, torí striimú, ìyẹn gbígbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìrà á, ni gbogbo ayé ń ṣe báyìí, mi ò gbà fún un. Láti 2016, RIAA ń ka striimú 150 sí títà kan, ní Britain wọ́n fi 100 bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Òfin oníṣirò nìyẹn, kì í ṣe ti èdè. Ẹni tó gbọ́ orin, ó gbọ́ ọ ni, kò rà á. Ẹ jẹ́ ká ní "èyí tí wọ́n gbọ́ jù lọ" lọ́tọ̀, ká ní "èyí tó tà jù lọ" lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bínú sí mi lórí èyí, kò burú, a ṣì máa padà síbẹ̀.

Tèmi ni pé síńgù ni ká máa pè é, "síńgù tó tà jù lọ", ó tán. Ẹni tó ní ọ̀lẹ ló ń yá ọ̀rọ̀ lò, ṣé rédíò, táyà àti bírékì tí à ń sọ lójoojúmọ́ ba Yorùbá wa jẹ́ ni? Ẹ̀gbọ́n sọ pé àwọn ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bí àwa kan níbí. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn tọkàntọkàn, àmọ́ ọjọ́ orí ò lè yí iṣẹ́ -jù padà. Kí ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ kan hàn wá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú à- tó parí sí -jù, tí àwọn àgbà ń lò, tí kì í ṣe àléébù. Ẹyọ kan péré, màá sì gba "àtàjù" lọ́wọ́ wọn.