Ta ni orúkọ ìkànnì rẹ̀ ti parí mọ́ ọn lọ́wọ́ rí? Ẹ sọ ìrírí yín

Aládìrẹ Ìtòkú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fi dómáìnì .com, ìyẹn orúkọ ìkànnì mi, ta àdìrẹ láti Ìtòkú, n kò sì fi ìgbà kan bi ara mi pé ọjọ́ wo ni yóò parí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, oníbàárà mi kan tí ó wà ní Ìbàdàn pè mí, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti fi aṣọ sílẹ̀ ni?" Nígbà tí mo ṣí ìkànnì náà lórí fóònù mi, ìpolówó àwọn ẹni tí n kò mọ̀ rí ni ó kún ojú rẹ̀. Èyí tí ó wá dùn mí jù ni pé ímeèlì ìtajà mi, tí dómáìnì yẹn gan-an wà lẹ́yìn àmì @ rẹ̀, ni mo fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n tà á fún mi, nítorí náà bí dómáìnì ṣe dákẹ́ ni ímeèlì náà dákẹ́. Bí mo bá ní mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, inú àpótí tí kò ṣí mọ́ yẹn ni wọ́n tún ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí.

Ọmọ Lafẹ́nwá
Mọ́mì, ẹ ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú ilé nìyẹn.

Akọ̀wé Ìjọ Ìbarà
Tiyín tilẹ̀ sàn. Ọmọ ìjọ wa kan ni ó ṣe ìkànnì fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ gba dómáìnì náà. Ó ti lọ sí Kánádà, ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà, ọ̀sẹ̀ ìkórè ni orúkọ náà sì parí, lẹ́yìn tí a ti tẹ̀ ẹ́ sára ìwé ìpè 500.

Akọ́kànnì Asẹ́rò
Iṣẹ́ ìkànnì ṣíṣe yìí ni mo ń ṣe jẹun, ẹ má pe gbogbo wa ní olè.

Akọ̀wé Ìjọ Ìbarà
Àbúrò, n kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ohun tí mo sọ ni pé a kò rí ọ̀rọ̀ aṣínà.

Akọ́kànnì Asẹ́rò
Ó dára, ẹ má bínú. Mọ́mì, ọjọ́ mélòó ni ó ti kọjá kí ẹ tó mọ̀? Mo béèrè nítorí pé .com kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹni lọ́jọ́ tí ó bá parí. Òfin ICANN, àjọ tí ń mójú tó orúkọ ìkànnì lágbàáyé, ni pé kí ẹni tí ó tà á fún yín rán yín létí ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó sì tún kọ̀wé láàárín ọjọ́ 5 tí ó bá ti parí. Lẹ́yìn náà, ó lè fún yín ní àyè tí ó tó ọjọ́ 45 láti san iye tí ẹ ti ń san tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn kì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wá pa á rẹ́, ẹ ní ọjọ́ 30 láti fi ìtanràn rà á padà, lẹ́yìn èyí ni yóò wà ní títì fún ọjọ́ 5 kí ó tó di ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sanwó.

Aládìrẹ Ìtòkú
Ọjọ́ 52. Mo san ìtanràn náà, ó sì ju owó ọdún mẹ́rin tí mo ti san lọ. Ìwé ẹ̀rí owó àti káàdì ìdánimọ̀ mi ni mo fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó gbà pé èmi ni mo ni ín.

Kò Dá Mi Lójú, Kútọ̀
Àwa tí a kò lówó ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ ńlá kì í gbàgbé.

Ọmọ Lafẹ́nwá
Microsoft gbàgbé láti sanwó passport.com, ibi tí àwọn tí ń lo ímeèlì Hotmail wọn ń gbà wọlé, ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, wọn kò sì lè wọlé. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Amẹ́ríkà ni ó fi dọ́là 35 bá wọn san án.

Kò Dá Mi Lójú, Kútọ̀
Mo ti lọ wò ó, òótọ́ ni. Ẹ wá jẹ́ kí gbogbo wa san ọdún 10 lẹ́ẹ̀kan náà.

Akọ̀wé Ìjọ Ìbarà
Ọdún 10 kẹ̀! Ta ni yóò ṣì jẹ́ akọ̀wé nígbà náà tí yóò rántí?

Ọmọ Lafẹ́nwá
Ìsanwó aládàáṣe ni kí ẹ tẹ̀.

Aládìrẹ Ìtòkú
Mo tẹ̀ ẹ́. Káàdì báǹkì mi ni ó kú ṣáájú dómáìnì.

Akọ́kànnì Asẹ́rò
Dọ́là ni wọ́n sì ń bù lára káàdì náà, ó lè kọ̀ bí owó tilẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí mo fi ń ra .com.ng fún àwọn oníbàárà mi, nítorí pé náírà ni a fi ń san án.

Aládìrẹ Ìtòkú
Ímeèlì Gmail ni mo fi forúkọ sílẹ̀ báyìí, mo sì fi ẹ̀lú kọ ọjọ́ náà gàdàgbà sára ògiri ìsọ̀ mi.

Akọ́kànnì Asẹ́rò
Ẹ tún lè tẹ orúkọ náà sí lookup.icann.org, ẹ óò rí ọjọ́ tí yóò parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti parí ná, ọjọ́ tí ẹ óò rí níbẹ̀ lè ti sún síwájú ní ọdún kan nígbà tí ẹ kò tíì san kọ́bọ̀. Ojú ibi tí ẹ ti rà á ni kí ẹ gbàgbọ́.

Ọmọ Lafẹ́nwá
Mọ́mì, mo gba iwájú ìsọ̀ yín kọjá lánàá. Akunlé onílé ti fi ọ̀dà funfun kun ògiri yẹn.

Aládìrẹ Ìtòkú
Yéè! Akọ́kànnì, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ ní kí n tẹ orúkọ náà sí?