Ìṣirò tọ́báìnì: 468 ni mo rí, ìwé ní 795

ỌmọẸ̀pẹ́
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mechanical ni mò ń kọ́ ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọdún kejì. Steam wọ tọ́báìnì ní bar 10, 300°C, ó jáde ní bar 0.1, entropy rẹ̀ (s nínú tábìlì, ìwọ̀n bí agbára rẹ̀ ṣe fọ́n ká) kò yí padà. Iṣẹ́ mélòó ni kílò kan ṣe? h (enthalpy, agbára inú kílò kan, ní kJ) ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 3,052. Mo wo hg nínú tábìlì steam ní bar 0.1, mo rí 2,584. Mo yọ ọ́, ó ku 468 kJ. Kí ni mi ò rí?

Ẹlẹ́rọ Ìkòròdú
Àbúrò, hg yẹn ló tàn ẹ́. Steam tó gbẹ táútáú ló ni hg, tìrẹ sì ti ń di omi kó tó jáde. Entropy ni kí o fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ẹnu ọ̀nà, s jẹ́ 7.124. Ní bar 0.1, sf (ti omi lásán) jẹ́ 0.649, sg (ti steam gbígbẹ) jẹ́ 8.149. Tìrẹ bọ́ sáàárín méjèèjì, omi ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Yọ 0.649 kúrò nínú 7.124, fi 7.500 (sg − sf) pín in: x, ìdá tó jẹ́ steam gbígbẹ, jẹ́ 0.8633. Wàyí o, h omi (hf) jẹ́ 192, hg − hf sì jẹ́ 2,392, nítorí náà h ìjáde = 192 + 0.8633 × 2,392 = 2,257. Yọ ọ́ kúrò nínú 3,052, 795 dé.

Jọ̀wọ́, máa ya àwòrán T-s (ìgbóná lórí òró, entropy lórí ìbú) kí o tó ṣí tábìlì, ì báà má gún régé. Ya ìlà tó rí bí igbá tí a dojú dé, fi àmì sí ibi tí steam ti bẹ̀rẹ̀, kí o fa ìlà wá sílẹ̀ tààrà. Bó bá parí sábẹ́ igbá, x ni kí o kọ́kọ́ wá. Àwòrán yẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, òun ló sì ń gba máàkì là.

Bọ́ílà
Òótọ́ ni. Kí n fi méjì kún un. Bí wọ́n bá fún ẹ ní ohun tí géèjì kà, fi 1.013 bar ti afẹ́fẹ́ kún un kí o tó wo tábìlì; bọ́ílà tó ṣí sílẹ̀, òdo ni géèjì rẹ̀ ń kà. Èkejì, Carnot, ìdá tó pọ̀ jù lọ nínú ooru tí ẹ̀rọ lè sọ di iṣẹ́. Fi 273 kún °C méjèèjì (300 ti ìbẹ̀rẹ̀, 46 ti ìjáde): 1 − 319/573, ó jẹ́ 44%. Ẹni tó bá fi 46 àti 300 ṣe é á rí 85%, kò sì ní fura. Tìrẹ, 795 nínú 2,860 kJ tí bọ́ílà fún un, jẹ́ nǹkan bíi 28%. Bí tìrẹ bá ju ti Carnot lọ, padà sẹ́yìn.

Ẹlẹ́rọ Ìkòròdú
Ẹ wo Egbin, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná lọ́dọ̀ wa níbí, tọ́báìnì steam mẹ́fà, 220 MW ọ̀kọ̀ọ̀kan. Etí ọ̀sà ni wọ́n kọ́ ọ sí, torí omi tútù tó ń gba ooru kúrò lára steam tó ti ṣiṣẹ́ tán. Ní bar 0.1, ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 46°C péré, omi ọ̀sà sì tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló ṣe lè gbà á. Omi tó wà nínú steam tìrẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14%. Bó bá ti ju 12% lọ, ẹ̀kán omi á máa jẹ abẹ tọ́báìnì ní ìparí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá steam padà sí bọ́ílà lágbedeméjì kó tún gbóná.

ỌmọẸ̀pẹ́
Ẹ ṣeun gan-an, 795 ti jáde. Bí s bá wá ju sg lọ ńkọ́?

Bọ́ílà
Kò sí x níbẹ̀ mọ́. Lọ sí tábìlì superheated (ti steam gbígbẹ tó tún gbóná sí i) ní ìfúnpá ìjáde, wá s náà láàárín ìlà méjì, kí o fi ìdá kan náà ka h.