Ta ló ti ṣe é tí ibùdó ìwọ̀n òjò ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì fúnra ẹ̀? Ẹ wá sọ ìrírí yín

ỌmọÌṣẹ́yìn
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibùdó mẹ́rin la ní lẹ́bàá odò Ògùn, wọ́n ń wọn òjò àti bí omi ṣe ga tó. Láti 2016, oṣooṣù ni mò ń gun ọ̀kadà lọ, màá fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ lọ́gà (ẹ̀rọ tó ń kó àkọsílẹ̀ pa mọ́ níbùdó), màá da àkọsílẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù. Ọ̀gá ti ní kí ibùdó máa fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, kí lojú yín rí?

Àkàndé_Olómi
Ojú mi rí nǹkan. 2019 la fi módẹ́ẹ̀mù onísíìmù sí ibùdó mẹ́ta. Wákàtí wákàtí ni lọ́gà ń jí módẹ́ẹ̀mù, á ju fáìlì kékeré kan sórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì), á sì tún pa á kí bátìrì má baà tán. Tó bá di aago mẹ́fà àárọ̀, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì á lọ kó wọn. Ká tó dé ibi iṣẹ́, òjò àná ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè wá. Nígbà tó di ìparí oṣù kejì 2024, ibùdó méjì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àrá òjò àkọ́rọ̀ ni mo di ẹ̀bi rù. A rin ìrìn wákàtí mẹ́ta débẹ̀: páànẹ̀lì sólà mọ́ tónítóní, bátìrì wà ní 12.6V, lọ́gà ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Mo yọ síìmù, mo fi sínú fóònù mi. Ó ti kú. Orúkọ awakọ̀ wa tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi rà á, kò sẹ́ni tó so ó mọ́ NIN.

Ìṣọ̀lá
NIN! Tiwa náà nìyẹn.

Àrìnpé
Síìmù mẹ́fà ló kú lọ́wọ́ tiwa. Ẹ̀rọ ò kúkú ní ìka tí wọ́n fẹ́ tẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi gbà á, ẹ má fi tèèyàn. Èèyàn á fẹ̀yìn tì, á kó lọ, á tiẹ̀ kú.

Àkàndé_Olómi
@Àrìnpé ohun tá a padà ṣe gan-an nìyẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé inú lọ́gà ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà, a ò pàdánù ìkankan.

Bàbá_Lọ́gà
Ẹ̀ ń pariwo síìmù. Ibùdó tó bá dákẹ́, ẹ ó mọ̀ pé ó dákẹ́. Èyí tó ń purọ́ ńkọ́? Lóṣù kẹfà ọdún kan, ibùdó wa kan ń fi odo ránṣẹ́, 0.0, 0.0, 0.0, kò fi ìṣẹ́jú kan pẹ́. Kọ̀ǹpútà ń gbà á, kò bá a jiyàn. Ọjọ́ mọ́kànlá! Màmá tó ń ta ẹ̀kọ létí afárá ló pè mí, tó ní ṣé òjò tó ń lé òun wọlé lójoojúmọ́ ò kàn wá ni. Mo débẹ̀, agbọ́n ti fi ẹrẹ̀ mọlé sẹ́nu àrọ tí òjò ń gbà wọlé. Omi dúró lókè, ewé gbígbẹ ń léfòó lójú ẹ̀, abọ́ kékeré tó máa ń dà tí òjò bá ti pé 0.2 mm ò mira rárá.

Ìṣọ̀lá
Ọjọ́ mọ́kànlá, ẹ̀gbọ́n? Kò sẹ́ni tó wo ojú sánmà?

Bàbá_Lọ́gà
Ìbàdàn ni ọ́fíìsì wà, ibùdó wà lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn. Òjò ibí kọ́ ni tọ̀hún. Ní báyìí, tí ibùdó kan bá ní òjò ò rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta, tí àwọn tó múlé tì í ní ó rọ̀, kọ̀ǹpútà á fi àtẹ̀jíṣẹ́ sórí fóònù mi.

Túndé_Sáfà
Èmi ò fara mọ́ kí ibùdó máa ju fáìlì. Ọ́fíìsì ló yẹ kó máa pè é.

Àrìnpé
Àdírẹ́sì wo lẹ fẹ́ fi pè é? Ti síìmù lásán ò dúró sójú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó sì ní láti tan módẹ́ẹ̀mù sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Lóṣù keje tí oòrùn ò yọjú, bátìrì á kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Túndé_Sáfà
Mo gbà ti bátìrì. Àmọ́ kẹ́ ẹ yẹ aago wò. Lọ́gà òkè odò wa ń lo aago Nàìjíríà, tìsàlẹ̀ ń lo UTC (aago àgbáyé) tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Nínú àkọsílẹ̀, omi kún nísàlẹ̀ kí òjò tó rọ̀ lókè! Oṣù méjì la fi ń wá ohun tó fà á.

Bùnmi_Ìbàdàn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wàhálà yìí lé àbúrò wa sá. Mo wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011. Alẹ́ kan péré ni òjò yẹn, ó lé lọ́gọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀kadà lọ gbé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ta ló fẹ́ kìlọ̀ fún? Kí wákàtí kan má kọjá.

ỌmọÌṣẹ́yìn
Ẹ ṣeun gan-an ni. Màá ṣì máa lọ lóṣooṣù láti nu àrọ. Èmi ni mo forúkọ mi ra síìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nílẹ̀, màá lọ yí wọn sí ti ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. @Bàbá_Lọ́gà, ṣé màmá ẹlẹ́kọ yẹn ṣì ń tà létí afárá?