Ẹja òkun nínú gíláàsì l'Abẹ́òkúta: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹja, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ gbé gíláàsì lítà 60 kalẹ̀ nílé wa n'Íbarà, fún ẹja òkun kékeré méjì àti iyùn òkun (coral) abẹ̀mí díẹ̀. Ẹja odò ni mo ń sìn tẹ́lẹ̀.

Iná àti ooru ló ń kọ mí lóminú jù. Iyùn fẹ́ omi tó wà láàárín 24 sí 26 Celsius. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí Abẹ́òkúta ṣe ń gbóná lóṣù kẹta. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, ẹ̀rọ tó ń da omi rú á dákẹ́, ẹja ò ní rí èémí mí. Ṣé ẹ̀rọ atẹ́gùn oníbátìrì á tó, àbí dandan ni ínfátà? Mo lè fi fáànù fẹ́ ojú omi, àmọ́ omi á máa fà, iyọ̀ á sì máa le sí i. Omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n ní ká máa fi dí i, ẹ̀ẹ̀mélòó lójúmọ́?

Omi ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ bu ti òkun l'Ékòó. Pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí yẹn! Iyọ̀ òkun alápò, gíráàmù 35 sí lítà kan, ló wù mí, ṣùgbọ́n ṣé mo lè pò ó mọ́ píọ́ wọ́tà?

Mo ṣe tán láti dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó kó ẹja sí i.